Má Torí Oorun Kọ Rìskátù

Ìgándò,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Múdà, Àlàó, ọmọ mi àtàtà,

Ọmọ aránṣọ tí ń da aṣọ bo ará ìlú. Adúmáadán tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lọ sọ́jà Ìkòtún tí àwọn ènìyàn ń béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ bí. Akọ̀wé tí ó mú gègé, tí ilé wa fi di ibi tí àwọn aládùúgbò ń gbé lẹ́tà wọn wá kà: mo kí ọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ìlú onílùú, mo kí ọ kú àìrí ará ilé. Ọlọ́run Ọba tí kì í tòògbé, tí kì í sùn, ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ wí, mo sì ti kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ Kàmọ́rù, tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Ìlọrin, dé ọ̀dọ̀ wa lánàá. Ọmọ tí a kọ́ ni, Ọlọ́run yóò kọ́ tirẹ̀ náà fún un. Ó kí wa bí ó ti yẹ, ó mu omi, ó jẹun, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀ lórí àga. Nígbà tí mo bi í léèrè àlàáfíà rẹ, ó ní:

"Bàbá, Múdà ní kí n kí yín o. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá òun dé ilé àwọn Rìskátù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó ní kí ẹ sọ fún wọn pé òun ò ṣe mọ́."

"Kò ṣe kí ni mọ́?"

"Ìgbéyàwó náà, sà. Ó ní kí ẹ sọ pé òun ti rí ẹlòmíì níbẹ̀."

Ìyá rẹ gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Kàmọ́rù, wò mí lójú. Ta ni ẹlòmíì náà? Ọmọ ta ni? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ọmọ ọlọ́mọ wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Mọ́mì, kò sí ẹlòmíì kankan, jàre. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o. Oorun ni."

Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ bí o ṣe ń sùn lórí fáìlì ní ọ̀sán gangan, tí ọ̀gá rẹ fi ń pè ọ́ ní Alága Bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ ti ọjọ́ tí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ jọ ń jẹun, tí ẹnìkan dá àpárá, tí o rẹ́rìn-ín, tí àgbọ̀n rẹ rọ̀, tí orúnkún rẹ yẹ̀, tí o sì wó lulẹ̀ tìwọ ti abọ́ ọbẹ̀. Ó ní àwọn kan pariwo pé wárápá ni, gbogbo wọn sì sún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn ọ́ títí ara rẹ fi padà bọ̀ sípò, tí o fúnra rẹ dìde. Ó ní láti ọjọ́ náà ni o ti ń dá jẹun, o kì í bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́, o sì ti pinnu pé o kò ní mú ọmọ ọlọ́mọ wọ inú ohun tí ó ń ṣe ọ́.

Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ jù, ọmọ mi, ni pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ kí Kàmọ́rù tó sọ ọ́ tán. Mo mọ̀ bí etí ṣe ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìka kan kò sì ní í mira. Mo mọ bí bàtà àwọn ènìyàn ṣe ń rí lójú ẹni tí ó wà nílẹ̀, nígbà tí bàtà náà bá ń sún sẹ́yìn. Ara mi ni ó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé ara rẹ.

Nítorí náà, n kò ní jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi. N kò ní lọ sí Ìṣẹ̀rí lọ parọ́ mọ́ ọmọ mi pé oníranù ọkùnrin ni. Kàmọ́rù ń padà lọ lọ́la, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀. Jókòó kà á. Bí oorun bá gbé ọ láàárín rẹ̀, má bínú sí ara rẹ. Bí o bá jí, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o dé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n bá ọ wo ẹ̀yìn.

Èkínní, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ. Irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ilé kéwú ni mo ń lọ láàárọ̀, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́sàn-án. Mo tètè ń mọ kéwú. Àfáà wa a máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ó di àkókò kan, bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, ìpéǹpéjú mi yóò wúwo bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. N óò gbé wàláà lé itan, n óò ka ìlà kan, n óò sì bá ara mi lójú àlá, tí ẹnu mi ṣì ń ka ohun tí kò sí nínú wàláà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a bú sẹ́rìn-ín: "Àkànbí, sùúrà wo nìyẹn? Sùúrà Oorun!" Àfáà ní èṣù ló ń tọ̀ sí mi létí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní ọ̀lẹ ni mí. Bí ilẹ̀ bá sì wá ṣú tí gbogbo ayé ń sùn, oorun tèmi a máa já bí òwú tí ó ti gbó. Ogun òru a mú mi, ojú mi a là, ara mi a kú tipiri.

Èmi náà gbà pé ọ̀lẹ ni mí. Mo ń jẹ orógbó, mo ń fi omi tútù bọ́jú, mo tilẹ̀ fi ata kan ìpéǹpéjú mi lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ni mo ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ojú má baà tì mí. Síbẹ̀ mo gba orúkọ náà, mo sì wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Má gba Alága Bẹ́ẹ̀dì wọ̀. Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ ni o máa ń pọnmi kí àwọn ará ilé tó jí; ìwọ ni o ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ tí o ń kó aṣọ àwọn oníbàárà lọ fún wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá láìkùn. Ọ̀lẹ kankan kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì, má jẹ́ kí ìyìn bo àìsàn rẹ mọ́lẹ̀. Ìyìn lè burú ju èébú lọ nígbà mìíràn. N kò sọ ìtàn yìí fún ọ rí.

Ní ọjọ́ tí a lọ tọrọ ìyá rẹ, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ṣe ìwádìí ilé wa tán. Wọ́n ti béèrè bóyá wárápá wà ní ìran wa, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá wèrè wà; gbogbo ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi wọlé, a tò sí ẹnu ọ̀nà, à ń dúró kí àgbà pàṣẹ kí a tó dọ̀bálẹ̀. Ìyá àgbà ilé wọn sì wà níbẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ lè mú òkú ọ̀run rántí orúkọ ara rẹ̀. Bí ó ti rí mi báyìí, ó bẹ̀rẹ̀: "Àkànbí! Ọkọ Sìkírátù! Ọmọ gíga tí ń tẹ̀ kó tó wọlé àna! Ọmọ abẹ́rẹ́ tín-ínrín tí ń ṣíwájú òwú!" Orí mi wú. Inú mi dùn, irú adùn tí n kò tíì ní rí láyé mi. Orúnkún mi bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì dojú bolẹ̀ gbàgà níwájú wọn.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti rí mi nílẹ̀, wọ́n rò pé a ti pàṣẹ. Gbogbo wọn bá da ara wọn délẹ̀ pẹ̀lú. Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ilé ń kígbe pé, "Ẹ wo ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́!" Bàbá ìyá rẹ ní, "Dìde, ọmọ mi, ó tó." N kò lè dìde. Ó tún un sọ. N kò lè gbé orí. Ọ̀rẹ́ mi Lásísì, tí ó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Àkànbí, ó tó báyìí. Àbí o fẹ́ kí ikùn wa bó ni?" Ìyá àgbà ní, "Ẹ ò mọ̀ ni? Ó ní bí a ò bá tíì fún òun níyàwó, òun ò dìde." Ilé wú fún ẹ̀rín. Bàbá àna mi fúnra rẹ̀ ni ó wá fà mí lápá, nígbà náà ni agbára sì ń padà sínú ẹsẹ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Adọ̀bálẹ̀-má-dìde ní àdúgbò wọn, tí àwọn ìyá fi ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin wọn pé, "Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àna?"

Mo gba ìyìn náà. Kí ni ǹ bá tún wí? Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò tí ó kún ilé yẹn, tí wọ́n ń pe orúkọ mi, kò sí ẹnìkan ṣoṣo tí ó mọ̀ mí. Ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Ibẹ̀ ni ìdáwà mi ti bẹ̀rẹ̀, Àlàó, ní ọjọ́ ayọ̀ mi, láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú mọ́sálásí níbí náà. Mo forí kanlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, oorun gbé mi lórí ìforíkanlẹ̀. Ìgbà tí mo jí, wọ́n ti kírun tán, wọ́n sì yí mi ká, wọ́n ń sọ pé irú ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ Ọlọ́run báyìí, ó dájú pé yóò gbà á. Mo nu ojú mi, mo lọ sílé.

Ohun kẹta yìí ni ó ṣòro fún mi jù láti kọ. Ìyá rẹ, bí o ti mọ̀, jogún ẹnu oríkì. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọlé mi, bí mo bá ti jí, yóò kúnlẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe. Ní òwúrọ̀ kan mo wó lulẹ̀ lẹ́bàá àmù omi. Ó rò pé mo ń bá a ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ó rí i pé itọ́ ń dà lẹ́nu mi tí n kò lè gbé e mì, ó kígbe. Nígbà tí mo dìde, mo ní, "Sìkírátù, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sì kì mí mọ́."

Ó ní, "Kí n má kì yín mọ́? Kí ni n óò wá máa sọ fún yín láàárọ̀?"

"Sọ pé, ẹ káàárọ̀."

"Bí àjèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí àjèjì."

Ó sì ṣe é. Obìnrin rere, olóòótọ́, ó ṣe é láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí a kó wá sí Èkó, tí a rí ilẹ̀ níbí nígbà tí Ìgándò ṣì jẹ́ oko lápá kan, mo gbé ìlànà náà wá. Ìwọ mọ àwọn àgbà tí ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ti ń di ẹ̀fẹ̀, n óò fa kọ́tìnì. N óò máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ẹ fi télọ̀ yẹn sílẹ̀, ó ń gbéra ga ni." "Ìgbéraga kọ́ o, bóyá èèwọ̀ ilé wọn ni ẹ̀rín." Àwọn ènìyàn rere ni wọ́n, n kò rí irú wọn ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́, ó sì wù mí, ó wù mí púpọ̀, láti lọ jókòó tì wọ́n.

Ìwọ náà wà nínú àwọn tí mo fa kọ́tìnì sí lójú. O kéré nígbà náà. O ti ilé ẹ̀kọ́ dé, o de fìlà mi, o so tépù tí mo fi ń wọn aṣọ mọ́ ọrùn bí táì, o wá dúró níwájú mi, o ń sọ̀rọ̀ nímú bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló so ewúrẹ́ mọ́ àga mi?" Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́wọ́ mi, ẹyin iná sì kún inú rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí àgbọ̀n mi ń rọ̀. Mo mọ ohun tí ó ń bọ̀, ìwọ ni o sì súnmọ́ iná náà jù. Mo jágbe mọ́ ọ pé kí o jáde. O bọ́ fìlà náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, o jáde, o kò sì tún padà wá ṣe irú rẹ̀ fún mi mọ́. Bóyá o rò láti ìgbà náà pé kò dùn mọ́ mi. Ọmọ mi, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn jù ni.

Àwọn ènìyàn ń sọ pé kò sí ẹni tí ó mọ ènìyàn yìn bí èmi. Òótọ́ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí etí mi kò lè gbà ni ẹnu mi fi ń tọrẹ.

Wo bí gègé ṣe fà kúrò lójú ìlà níbi yìí, tí ó wọ́ lọ sí etí tákàdá. Oorun ló gbé mi. N kò ní pa á rẹ́, n kò sì ní tún un kọ sórí tákàdá mìíràn. Ìyá rẹ ti gbé omi wá, mo ti mu ún, ojú mi ti là.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe wá. Dókítà kan wà ní Gowon Estate tí mo ń ránṣọ fún, ọmọlúwàbí ènìyàn, kì í wo aláṣọ pénpé ní ìwòkuwò. Ó gba ṣòkòtò tuntun lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹja ni yóò wọ ṣòkòtò yìí?" Mo wò ó. Mo ti rán ojú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ pinpin, láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, kí n ṣáà dá òun lóhùn: ṣé mo máa ń sùn tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń wa ẹ̀rọ? Ṣé orúnkún mi máa ń yẹ̀ bí inú mi bá dùn? Àlàó, kò sí ẹni tí ó bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí. Ṣe ni omi bọ́ lójú mi níwájú oníbàárà.

Ó ní kí n wá sí ilé ìwòsàn tí òun ń ṣiṣẹ́, kí n mú ìyàwó mi dání. A lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, kí n lè fojú ara mi rí i." Ó pa ìtàn ìjàpá kan. Kò sí ohun tí ó ṣe mí. Ó pa òmíràn. Mo jókòó gbọnin. Ìyá rẹ wá ní, "Dókítà, ẹ má bínú o, àpárá yín ò ládùn rárá. Bí gbogbo ayé bá ń dá àpárá báyìí, ara ọkọ mi ì bá ti yá tipẹ́." Ohun tí ó gbé mi lulẹ̀ láti orí àga nìyẹn.

Dókítà yẹ ojú mi wò, ó gbé ọwọ́ mi sókè, ó jù ú sílẹ̀, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ó ní nakolẹ́pìsì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe wárápá, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ràn. Ó ní ààlà tí ó wà láàárín oorun àti ojú-lílà nínú ọpọlọ ni kò dúró dáadáa, tí oorun fi ń yọ́ wọ inú ọ̀sán. Ó fún mi ní oògùn tí ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún mi pé kò ní í lọ pátápátá.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkòtún. Ìyá rẹ wá ní, "Bàbá Múdà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi kí n tó wọlé yín?"

Mo ní ẹ̀rù bà mí pé kò ní fẹ́ mi mọ́.

Ó ní, "Ẹ rò pé torí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo ṣe fẹ́ yín? Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo ní ọkùnrin tó ń wólẹ̀ tó báyìí, kí ló jí gbé?"

Mo di igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú. Ó fi èjìká rẹ̀ gbè mí títí ara mi fi le. Nígbà náà ni mo mọ iye nǹkan tí mo ti fi dù ú, tí mo sì fi du ara mi. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ṣùgbọ́n èmi gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ìmọ̀ràn kékeré tún wà, gbà wọ́n bí mo ti ń rántí wọn. Lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin, sọ ohun gbogbo fún wọn, kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò fúnra wọn. Má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe oògùn. Bí o bá mọ àkókò tí oorun ń bọ̀, sùn díẹ̀ kí ó tó wá mú ọ. Oorun tí a fẹ́ sàn ju oorun tí ó fipá mú ni lọ. Sọ fún ọ̀gá rẹ. Bí kò bá gbọ́, a ó wá iṣẹ́ mìíràn. Má gun alùpùpù. Má dúró létí kànga. Bí àwọn ènìyàn bá ń dá àpárá, má sá. Wá àga jókòó, gbé abọ́ kalẹ̀, kí o sì rẹ́rìn-ín. Bí o bá ṣubú, o ti ṣubú. Ìwọ yóò dìde.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Rìskátù. Mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ. O kò fẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ gbọ́, kí wọ́n má baà ní wárápá wà nílé wa, kí ọ̀rọ̀ náà má sì ba ọ̀nà ọkọ jẹ́ fún Sàlámátù àti Bílíkísù, àwọn àbúrò rẹ. O yàn pé kí wọ́n kórìíra rẹ, kí ó tó di pé wọ́n káàánú rẹ. Ọkàn ọmọlúwàbí ló ń ro irú rẹ̀, mo sì yìn ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó burú. Bàbá Rìskátù, káfíńtà tí kò rẹ́ igi ní àrékérekè rí, ti ṣe ìwádìí wa. Ó rán ènìyàn dé Ọ̀yọ́. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ fún un ni pé bàbá ọkọ jẹ́ ẹni ìrẹ̀lẹ̀ tí ó dọ̀bálẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde. Àlàó, irọ́ mi ni wọ́n gbà wọlé, kì í ṣe tìrẹ. Èmi ni mo jẹ wọ́n ní òtítọ́.

Kí n tó mú gègé, mo pe àwọn àbúrò rẹ, mo sọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe àti ohun tí ó lè dá sílẹ̀ fún wọn. Sàlámátù ní, "Bàbá, ọkùnrin tó bá sá torí pé bàbá mi ń sùn, ṣé n óò máa sáré lé e ni?" O mọ ẹnu rẹ̀. Ti Bílíkísù yàtọ̀. Ẹnìkan ti ń yọjú sí i ní Ayọ̀bọ̀, a kò sì tíì mọ bí yóò ṣe rí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú. Láàárọ̀ yìí ó wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́, Bàbá." Rántí rẹ̀ nínú àdúrà rẹ ju gbogbo wa lọ.

Nítorí náà, tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, kí o máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Má kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Rìskátù ni kí o lọ bá, ní ìsọ̀ òwú rẹ̀ lọ́jà Ìkòtún. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan abọ́ ọbẹ̀ tí ó dànù àti àwọn tí ó sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́, kí ó béèrè ohun tí ó bá fẹ́. Bí ó bá ní òun kò lè ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má ṣe bá a jiyàn. Bí ó bá ní òun ṣe, èmi àti ìyá rẹ yóò wọ Ìṣẹ̀rí lọ́jọ́ kejì, n óò jókòó níwájú bàbá rẹ̀, n óò sì sọ tèmi fún un kí ó tó gbọ́ tìrẹ. Ohun tí yóò dáhùn, n kò mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ni kí o bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Má lọ jókòó síbì kan láti dá rò ó. Ìyá rẹ yóò ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ó sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Bí o bá sì dé tí ilẹ̀kùn wà ní títì, má ṣe kàn án jẹ́jẹ́ bí àlejò. Ó lè jẹ́ pé mo ti sùn. Kàn án kíkankíkan, kí o sì pariwo orúkọ mi, títí n óò fi jí wá ṣí i fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànbí Aránṣọ.